Fridtjof Nansen: Ẹni Tó Fi Ṣọ́ọ̀kì Aláwọ̀ Ya Ìmọ́lẹ̀ Àríwá

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1861 ni a bí Fridtjof Nansen ní Store Frøen, nítòsí ìlú Christiania tí ó ń jẹ́ Oslo lónìí, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Agbẹjọ́rò ni Baldur, bàbá rẹ̀, ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìdílé ọlọ́lá ni Adelaide, ìyá rẹ̀, ti wá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ a máa wọ pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ti ọkùnrin. Inú igbó àti orí yìnyín ni ọmọ náà dàgbà sí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1877.

Àwọn òpìtàn mọ Nansen gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti gẹ́gẹ́ bí alágbàwí àwọn ogúnléndé. Ìhà kan tún wà tí wọn kì í sábà gbé síwájú: ayàwòrán ni. Ìhà yìí gan-an ló kan olùkọ́ jù, pàápàá olùkọ́ tí ó ń pín kréyọ̀n fún àwọn ọmọdé tí kò sì dá a lójú bóyá ẹ̀kọ́ ni tàbí ọgbọ́n àtimú wọn dákẹ́.

Ìmọ̀ nípa ẹranko ni Nansen yàn ní Yunifásítì. Ní ọdún 1882 ó bá ọkọ̀ àwọn ọdẹ séàlì kan, Viking, lọ sí agbami òkun àríwá, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ tó etí ilẹ̀ Greenland. Ní ọdún kan náà ó gba iṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bergen. Franz Wilhelm Schiertz, ayàwòrán tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, ni ó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nílùú náà. Ẹ̀kọ́ yìí kò lọ lásán. Nígbà tí ó ń fi máíkírósíkóòpù wo iṣan ìmọ̀lára àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun, òun fúnra rẹ̀ ni ó ya ohun tí ó rí. Iṣẹ́ yìí ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1888. Ẹni tí yóò ya okùn tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí; ọwọ́ a máa bi ojú ní ìbéèrè tí ojú nìkan kì í bi ara rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti àwọn ọkùnrin márùn-ún fi pákó ìyọ̀ náà la Greenland já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn.

Ìrìn-àjò tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ti ọkọ̀ Fram, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Iwájú. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Jeannette, ti fọ́ sínú yìnyín ní òkè Siberia ní 1881; lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àfọ́kù rẹ̀ jáde ní etí Greenland. Nansen rò ó pé bí yìnyín bá lè ru àfọ́kù kọjá, yóò lè ru ọkọ̀ odindi pẹ̀lú. Colin Archer kan ọkọ̀ náà lọ́nà tí yìnyín yóò fi máa gbé e sókè dípò kí ó fún un fọ́. Ó ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 1893. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, yìnyín ti dì mọ́ ọn. Àwọn 13 ni ó wà nínú rẹ̀. Oòrùn wọ̀, kò sì tún yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ kan tí afẹ́fẹ́ ń yí ni ó ń fún wọn ní iná mànàmáná.

Nínú òkùnkùn gígùn yìí ni ìmọ́lẹ̀ àríwá ti ń jó lójú ọ̀run. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Sigurd Scott Hansen, ẹni tí ó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, sọ̀ kalẹ̀ wá pe ọ̀gá rẹ̀ kí ó wá wò ó. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà lọ́rùn Nansen, otútù sì mú un títí ara rẹ̀ fi kú tipiri, ṣùgbọ́n kò lè kúrò níbẹ̀. Ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, èyí ló mú kí ó tún mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ kí ó sì yà á. Omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ìbá ti dì. Ṣọ́ọ̀kì kì í dì.

Fọ́tò kò lè ràn án lọ́wọ́. Martin Brendel, ará Jámánì, ti ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ náà ní ọdún 1892, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun lásán ni. Bí àwọ̀ rẹ̀ yóò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni yóò gbé e dé. Nígbà tí ìwé ìrìn-àjò náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, àwòrán aláwọ̀ 16 wà nínú rẹ̀, tí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ yìí.

Lónìí, ohun tí ó ń fa àwọn àwọ̀ náà ti yé àwọn onímọ̀. Kristian Birkeland, tí òun náà jẹ́ ọmọ Christiania, ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ àlàyé múlẹ̀ láti ọdún 1896 pé ohun kéékèèké tí ó ní agbára iná ń ti ara oòrùn wá, tí òòfà ayé sì ń darí wọn sí òpin ayé. Bí wọ́n bá kọ lu ọ́síjìn ní ìwọ̀n kìlómítà 100 sí 150 lókè, àwọ̀ ewé ni yóò jáde. Bí ó bá ju 200 lọ, pupa ni. Náítírójìn ni ó ń fún un ní àwọ̀ aró àti àwọ̀ àlùkò. Ó yẹ ní kíkíyèsí pé nínú èdè Yorùbá, yàtọ̀ sí funfun, dúdú àti pupa, ohun tí ojú rí ni a sábà máa ń fi sọ àwọ̀: ewé, aró, àlùkò. Ọmọ tí ń kun ìmọ́lẹ̀ àríwá yóò kọ́kọ́ wá nǹkan tí ó jọ ọ́ kí ó tó lè dárúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ èdè sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn olùkọ́ ọmọdé a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní pépà dúdú àti ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n fà á, kí wọ́n sì fi ìka pa á fẹ̀. Ohun tí ó mú un dára ni pé ìmọ́lẹ̀ náà kò ní ìlà etí. Kò sí àwòrán àtẹ̀sílẹ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ kun kọjá ìlà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ilé yà lè ya èyí. Bí olùkọ́ bá wá tẹ ìlà sílẹ̀ tí ó sì kọ àwọ̀ tí yóò wọ ibi kọ̀ọ̀kan, ó ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Nansen kò ní ìlà kankan lọ́wọ́, ohun tí ó ń yà kò sì dúró sójú kan.

Ní oṣù kẹta ọdún 1895, òun àti Hjalmar Johansen fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ wá òpin àríwá ayé. Wọn kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a mọ̀ pé ó tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n padà délé. Ìyókù ayé rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn: láti 1921 ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ogúnléndé lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìwé ìrìnnà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè sì ran àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè mọ́ lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 1922.

Kò fi àwòrán sílẹ̀ rárá. Ní ọdún 1911 ó tún gbé ìmọ́lẹ̀ àríwá jáde nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn tó ṣàwárí ilẹ̀ àríwá. Pákó ni ó gbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, dúdú àti funfun nìkan, pẹ̀lú ènìyàn kan ṣoṣo tí ń rìn lórí yìnyín lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Odd di ayàwòrán ilé, Irmelin sì fẹ́ ayàwòrán, Axel Revold. Nansen kú ní ilé rẹ̀, Polhøgda, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1930.