Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, Adájọ́ Àgbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ kí wọn tó lè kọ́ ilé kan ṣoṣo. Bí ilé náà bá parí, tí àwọn ayálégbé sì ń san owó wọn déédéé, onílé a rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé onílé kò gbọdọ̀ ta ilé rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi í dógò, àti pé àpò ìjọba ni owó ilé yóò máa wọ̀ láti ọjọ́ náà lọ, ta ni onílé yóò ké sí? Ìtàn ìgbésí-ayé ọkùnrin tí a fẹ́ kà yìí yóò ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1906 ni a bí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sí ìdílé ọba ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ládàpọ̀ Adémọ́lá ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ Aláké ní ọdún 1920. Ọmọ náà kàwé ní King's College ní Èkó, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba oyè ìmọ̀ ní Cambridge ní ọdún 1931, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1934. Nígbà tí ó padà sílé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba díẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀, títí a fi sọ ọ́ di adájọ́ kékeré ní ọdún 1939. Ní ọdún kan náà ni ó gbé Kòfowórọlá Moore níyàwó, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba oyè ìmọ̀ ní Oxford.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjì jà ní ààfin bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń ráhùn nítorí owó-orí tí a fi dandan gbà lọ́wọ́ wọn, àti nítorí oúnjẹ tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1947, lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n tú jáde lọ sí ààfin ní Aké láti fi ẹ̀hónú wọn hàn. Wọn kò mú ìbọn, wọn kò mú àdá. Ohùn wọn àti ọ̀pọ̀ wọn ni ohun ìjà wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1948, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ó sì kọ ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Ìparí ọdún 1950 ni ó tó padà wálé. Ní ọdún 1949 yìí gan-an ni a sọ ọmọ rẹ̀ di onídàájọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga. Ẹni tí a bí sí ìdílé ọba ti rí i báyìí pé kò sí àṣẹ tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí a ń pàṣẹ fún kò lè bi í léèrè.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gòkè. Ní ọdún 1955 ó di Adájọ́ Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 1957 a fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ní ọdún 1958 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹjọ́ kan tí ó dé iwájú ilé-ẹjọ́ tí ó jẹ́ olórí fún wá láti Ọ̀fà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì. Ní àkókò náà abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọ̀fà wà, a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ìjọba Àríwá ṣe òfin ní ọdún 1958 pé ọmọdé kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí ọ̀ràn ìṣèlú, àti pé ẹni tí ó bá tì wọ́n sí i yóò jẹ̀bi. Olóyè J. S. Ọláwóyin, ọmọ Ọ̀fà àti ògúnná gbòǹgbò nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, wí pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní ọ̀ràn ìṣèlú, àti pé òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ní ọdún 1961 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lóhùn pé òfin náà kò tíì pa á lára, nítorí náà kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Àwọn àgbà ní àtòkèèrè ni a ti í wo igi tí yóò gún ni lójú. Ilé-ẹjọ́ ní kí igi náà kọ́kọ́ kan ojú ná. Títí di òní ni àwọn amòfin ń jiyàn lórí ìdájọ́ yìí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ọ̀ràn ìjọba bọ́ sí ọwọ́ àwọn ológun. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin láti wádìí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn ṣe kó ọrọ̀ jọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìwádìí, nítorí owó ìlú kì í ṣe ohun àwáwí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lábẹ́ òfin náà gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní E. O. Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá. Wọn kò gbọdọ̀ ta ilé wọn, ilé ìṣúra ìjọba sì ni owó ilé yóò máa lọ. Àwọn méjèèjì pe ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún pàdánù. Bí ọ̀ràn ti wà ní ilé-ẹjọ́ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1968, Òfin 45, tí ó fi òǹtẹ̀ lu ohun tí ìgbìmọ̀ náà ti ṣe, tí ó sì ní ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ dá sí i. Báyìí ni ìjọba ṣe di olùfisùn, tí ó di ẹlẹ́rìí, tí ó sì tún di adájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1970, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí Sir Adétòkunbọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, dá ẹjọ́ náà. Ó ní òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1963 kò tíì kú. Pé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe òfin yàtọ̀ sí iṣẹ́ àwọn tí ń dá ẹjọ́. Àti pé òfin tí a bá fi orúkọ ènìyàn sí nínú láti jẹ ẹ́ níyà kì í ṣe òfin mọ́, ìdájọ́ ni, ìdájọ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ológun. Nítorí náà Òfin 45 kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ ìjọba náà ni ìbọn gbogbo wà, kò sì sí nǹkan kan ní ọwọ́ àwọn adájọ́ ju kálàmù lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn náà, ìjọba ológun fèsì. Òfin 28 ọdún 1970 kéde pé ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní àti ti oṣù Keje ọdún 1966 ti pa ètò òfin àtijọ́ run, àti pé ìdájọ́ tí ó bá tako òfin ológun di asán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó jàre nílé-ẹjọ́ ṣe pàdánù lẹ́yìn tí wọ́n jàre. Sir Adétòkunbọ̀ kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1972. Òun ni a fi ṣe alága ètò ìkànìyàn ọdún 1973, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀, a sì fagi lé e ní ọdún 1975. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993 ni ó dágbére fáyé, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó pé ẹni ọdún 87.

Ṣé asán ni ìdájọ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà já sí? Rárá o. Títí di òní ni àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ń kà á. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sì wí gbangba pé àwọn aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò ti ìlẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ènìyàn. Síbẹ̀ ọ̀ràn náà kò tíì tán. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìwọ́de ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá, Báńkì Àpapọ̀ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kan ní Àbújá, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn 20 ní báńkì láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni a tó tú owó náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò lè fọwọ́ kan owó ara rẹ̀ kò lè sanwó ọkọ̀ lọ sí ibi ìwọ́de, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sanwó fún agbẹjọ́rò. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti wá olè, ṣùgbọ́n kí ó tó di ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, ó yẹ kí ó dúró níwájú adájọ́, kí onílé náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá wí ní ọdún 1970 nìyẹn, nígbà tí wíwí rẹ̀ kò rọrùn.