Alimọtu Pelewura, Olórí Ọjà tí Kò Gba Owó

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, a ń rí àwọn olórí ọjà wa ní Kétu àti Máìlì 12. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, wọn a ti ibi ìkómọ dé ibi wòlímọ̀, wọn a ti ibi ìgbéyàwó dé ibi fìdáù, wọn a sì tún ṣe sàráà. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó ṣe olórí ṣáájú wọn ní Èkó.

Ẹja ni Alimọtu Pelewura ń tà ní ọjà Ereko. Mùsùlùmí ni, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Oṣù Disẹ́ńbà 1940 kò fún un ní ìsinmi. Ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Ní ọjọ́ 16, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n tọ Kọmíṣọ́nà lọ. Ní ọjọ́ 18, wọ́n pé jọ ní Glover Hall. Ìjọba gbé £50 náà dé £200. Síbẹ̀, Pelewura ní kí wọ́n mú un kúrò pátápátá.

Nígbà ogun Hitler, Captain Pullen, tí ó ń ṣòfin iye owó oúnjẹ, fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè ran òun lọ́wọ́. Ó kọ̀ ọ́, nítorí àwọn ọlọ́jà ni ìyà rẹ̀ ìbá jẹ.

Ó kú ní 1951. Ẹ̀yin olórí, sàráà dára, ṣùgbọ́n àmánà ni ipò. Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ẹ. Àmín.