Ta ni Hermann Rorschach, dókítà tó ń fi àbàwọ́n yíǹkì wá ìwà èèyàn?

Ìlú Zurich ní Switzerland ni wọ́n ti bí Hermann Rorschach lọ́jọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1884. Olùkọ́ àwòrán yíyà ni bàbá rẹ̀. Òun náà fẹ́ràn àwòrán débi pé Klex, tó jọ mọ́ àbàwọ́n yíǹkì lédè Jámánì, ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tó di dókítà ìlera ọpọlọ ní Herisau, ó ya àwọn àbàwọ́n tí ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì jọra, ó sì ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n rí. Ó ń wò ó bóyá àwọ̀ ló gba ọkàn ẹni náà ni, àbí ìrísí.

Lọ́dún 1921, ó gbé ìwé Psychodiagnostik jáde pẹ̀lú àwòrán 10. Ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Lóṣù Kẹrin, ọdún 1922, ó jáde láyé lẹ́ni ọdún 37, lẹ́yìn tí appendix rẹ̀ bẹ́ sí i nínú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdánwò náà tàn káyé. Wọ́n lò ó fún àwọn aṣáájú Nazi tó jẹ́jọ́ ní Nuremberg, àti fún àwọn òbí tó ń du ọmọ nílé ẹjọ́.

Àwọn onímọ̀ gbà pé ó lè tọ́ka sí ẹni tí ìrònú rẹ̀ dàrú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣàríwísí rẹ̀ pé ó máa ń sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásán ni Rorschach fúnra rẹ̀ kà á sí. Ikú ni kò jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò dópin.