Melvin Tolson: Olùkọ́ tó fi dìbéètì kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú láti dúró níwájú ẹnikẹ́ni

Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1935, èrò kún inú gbọ̀ngàn Bovard ní yunifásítì Southern California, nílùú Los Angeles. Dìbéètì ló kó wọn jọ. Ní apá kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà wà, àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú ìdíje àríyànjiyàn ní gbogbo Amẹ́ríkà lásìkò yẹn. Ní apá kejì ni àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Wiley College, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan nílùú Marshall, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, Wiley ló borí.

Ẹni tó kó wọn débẹ̀ ni Melvin Beaunorus Tolson. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, akéwì ni, òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Ta ni Tolson?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 1898 ni wọ́n bí i nílùú Moberly, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Alonzo, bàbá rẹ̀, jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, iṣẹ́ ìwàásù yìí ló sì ń gbé ìdílé náà láti ìlú kan dé òmíràn. Bàbá yìí kò kàwé púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Látìnì, Gíríìkì àti Hébérù. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwé àti ọ̀rọ̀ sísọ kò lè ṣàjèjì sí i.

Tolson kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì Fisk, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibẹ̀ ló ti kàwé gboyè. Ní ọdún 1922 ló fẹ́ Ruth Southall, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Kò pẹ́ tó fi gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Wiley. Ní ọdún 1924, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jọ, ó sì dá ẹgbẹ́ àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ohun tí dìbéètì jẹ́ ní Texas nígbà náà

Lónìí, bí wọ́n bá ní ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ dìbéètì, ohun tó máa wá sí ọkàn ẹni ni ife ẹ̀yẹ àti àtẹ́wọ́. Ní Texas ayé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ló ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ilé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀, ìjókòó wọn nínú ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀, ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè wọ̀ yàtọ̀. Àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun máa ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ sórí igi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ẹni tí yóò mú wọn. Nínú irú àyíká bẹ́ẹ̀, kí ọmọ aláwọ̀ dúdú wo aláwọ̀ funfun lójú, kó sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀mí ló lè bá a lọ.

Ohun tí Tolson ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ṣe gan-an nìyẹn, pẹ̀lú ìwé àti làákàyè.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí wọ́n tó jáde lọ bá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ilé Tolson fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbára dì, wọ́n á sì máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Wọ́n á ka ìwé lórí kókó tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí. Wọ́n á wo ohun tí alátakò lè sọ, wọ́n á sì wá èsì sí i sílẹ̀. Tolson a máa wo bí wọ́n ṣe dúró, bí wọ́n ṣe na ọwọ́, àti ibi tó yẹ kí wọ́n ti dánu dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè wọ olùgbọ́ létí. Kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìbi í ní ìdí rẹ̀.

Nínú àwọn tó kọ́ ni Henrietta Bell, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1930. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henry Heights àti Hobart Jarrett. James Farmer ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 14 péré nígbà tó wọ Wiley ní ọdún 1934. Tolson rí i pé orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n kò tíì fi í ṣiṣẹ́ tó. Ó ní kó máa ka ìwé kọjá ti kíláàsì, kó sì máa wá sílé òun wá jiyàn.

Ọ̀nà jíjìn, ìlẹ̀kùn títì

Títí di nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ni Wiley ń bá díje. Ọdún náà ni nǹkan yí padà. Wọ́n kojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti yunifásítì Michigan nílùú Chicago, wọ́n sì tún kojú yunifásítì Oklahoma City. Kí dúdú àti funfun wà lórí ìtàgé kan náà, kí wọ́n jọ máa jiyàn bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, nǹkan tuntun gbáà ni lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Ìrìn àjò gan-an kò rọrùn. Níbi tí òtẹ́ẹ̀lì kò ti gbà wọ́n, ilé àwọn ènìyàn wọn ni wọ́n ń sùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé Los Angeles ní 1935. Kókó ọ̀rọ̀ ọdún náà ni bóyá ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí kíkó ohun ìjà ogun ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Heights àti Jarrett ló sọ̀rọ̀ fún Wiley, Farmer sì wà ní ipò adélé. Wọ́n borí.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni nìyí. Ẹgbẹ́ Pi Kappa Delta tó ń rí sí ìdíje náà kò gba ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú láàyè láti di ọmọ ẹgbẹ́ nígbà náà. Wiley lu ẹni tó wà lórí oyè, ṣùgbọ́n kò lè gba oyè náà. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú.

Lẹ́yìn Wiley

Ní ọdún 1947, Tolson kúrò ní Wiley lọ sí yunifásítì Langston ní Oklahoma. Ọdún kan náà ni orílẹ̀-èdè Liberia, tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀, fi í jẹ akéwì àgbà. Ìwé ewì tó kọ fún Liberia jáde ní 1953, èyí tó ń jẹ́ Harlem Gallery sì jáde ní 1965. Nílùú Langston, wọ́n dìbò yàn án ṣe olórí ìlú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1966 ló kú nílùú Dallas, àrùn jẹjẹrẹ ló sì pa á. Ẹni ọdún 68 ni.

Ká wá wo àwọn tó kọ́. James Farmer wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ CORE sílẹ̀ ní 1942. Ẹgbẹ́ yìí ló ṣètò ìrìn àjò òmìnira ti 1961, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà láti tako òfin ìyàsọ́tọ̀. Ní 1962, Farmer àti Malcolm X jiyàn ní gbangba ní yunifásítì Cornell, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ojo. Heman Sweatt, akẹ́kọ̀ọ́ Wiley mìíràn, pe yunifásítì Texas lẹ́jọ́ torí pé wọn kò gbà á láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ó jàre nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1950.

Ní ọdún 2007, Denzel Washington ṣe fíìmù nípa Tolson, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ipa olùkọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ ó rántí pé Harvard ni Wiley lù níbẹ̀. Sinimá nìyẹn o. Southern California ni wọ́n lù ní tòótọ́. Denzel tún fún Wiley ní mílíọ̀nù kan dọ́là láti jí ẹgbẹ́ dìbéètì náà dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Wiley sì ti padà sórí ìtàgé láti ìgbà náà.