Ṣéù Muhammad al-Kishnawi, Olùkọ́ Ìmọ̀ Oǹkà

Ní ọjà Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀, mo máa ń rí tírà tí a kọ nọ́ńbà sí inú ilé mẹ́sàn-án lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń bèèrè bí a ti ṣe ṣírò rẹ̀. Owó tí àwọn mìíràn ń ná sí i, mo rò pé ó lè san owó ilé-kéwú ọmọ kan.

Ará Kàtsínà ni Ṣéù Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní sì ni. Ilé ni ó ti kọ́ ìmọ̀ oǹkà. Alfa kan láti Borno wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ sí Háàjì ní nǹkan bí 1730, Káírò ni ó fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn náà. Ní 1732, ó kọ ìwé kan níbẹ̀ lórí irú ilé nọ́ńbà yìí, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní wafq.

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ 4, 9, 2 sí ìlà kìíní; 3, 5, 7 sí ìkejì; 8, 1, 6 sí ìkẹta. Ẹ ro ó pọ̀ lóròó, ní ìbú, àti láti igun dé igun: 15 ni. Bí ilé bá jẹ́ márùn-ún lóròó, márùn-ún ní ìbú, 65 ni yóò jẹ́. Ẹ fi 5 lọ́nà 5, ó di 25. Ẹ fi 1 kún un. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5. Ẹ pín in sí méjì. Ẹni tí ó lè ṣírò èrè ọjà lè ṣe èyí.

Èmi kò ní fi òtítọ́ pamọ́: Ṣéù kọ̀wé lórí oògùn àti ìràwọ̀ pẹ̀lú, ó sì kìlọ̀ pé kí a má fọ́n àṣírí ká. Iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo ń yìn. Ó rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má jẹ́ kí ìṣirò sú òun.

Hasan al-Jabarti, ọmọ Káírò, jókòó kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé Hasan yìí náà ni Ṣéù kú sí ní 1741. Hasan di ògbóǹtagí onímọ̀ ìṣirò, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀, Abd al-Rahman, òpìtàn Íjíbítì, fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Yúróòpù wá kọ́ jiọ́mẹ́tírì lọ́dọ̀ bàbá òun. Òpìtàn yìí kan náà ni ó kọ ìtàn ayé Ṣéù sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé Ṣéù tí a fi ọwọ́ kọ wà ní ilé-ìkàwé SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.