Agnes Pockels: Obìnrin Tí Ó Wádìí Omi Nínú Ilé Ìdáná

Agnes Pockels kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, ilé ìdáná rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ń lò títí di òní.

Oṣù kejì ọdún 1862 ni a bí i ní ìlú Venise, tí ó wà ní ilẹ̀ Ítálì lónìí. Ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀ Ọ́sítríà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ibà sọ bàbá náà di aláìlera, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀. Ní ọdún 1871, gbogbo ìdílé náà kó lọ sí ìlú Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì.

Agnes fẹ́ràn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, wọn kì í gba obìnrin sí ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, àwọn òbí rẹ̀ ní kí ó dúró sílé láti tọ́jú àwọn. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Friedrich, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Agnes sì ń fi wọ́n kọ́ ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fọ abọ́ lójoojúmọ́ mọ̀ pé epo máa ń tàn ká ojú omi, àti pé ọṣẹ máa ń ṣẹ́gun ọ̀rá. Agnes fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá rọra bu omi kún ife, omi náà a yọ sókè díẹ̀ ju etí ife lọ, síbẹ̀ kò ní dà sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú omi náà. Agbára awọ yìí ni Agnes fẹ́ wọ̀n.

Ní nǹkan bí ọdún 1882, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ọpọ́n páànù kan. Gígùn ọpọ́n náà jẹ́ 70 sàǹtímítà. Ó rọ omi kún un, ó sì fi pẹlẹbẹ páànù kan dábùú rẹ̀. Bí ó bá ti pẹlẹbẹ náà, ojú omi a fẹ̀ tàbí kí ó dín kù.

Ó fi epo ín-ín-tín sí ojú omi náà. Nígbà tí àyè gbòòrò, omi náà ń ṣe bí omi tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí àyè ti ń dín kù, ó dé ibì kan tí agbára awọ omi náà já wálẹ̀ lójijì. Lónìí, a mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn mólékù epo, ìyẹn àwọn ẹyọ rẹ̀ tí ojú kò lè rí, ti dúró ní èjìká kan èjìká, ní ìpele kan ṣoṣo. Ìnípọn ìpele náà jẹ́ bíi nánómítà kan tàbí méjì. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánómítà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà wà nílé láìsí ibi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891, Agnes kọ lẹ́tà sí Lord Rayleigh, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí òun náà ń wádìí ojú omi. Ìyàwó Rayleigh túmọ̀ lẹ́tà náà láti èdè Jámánì. Rayleigh sì mú kí ìwé ìròyìn Nature tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹta ọdún náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlòmíràn ti tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Irving Langmuir, ará Amẹ́ríkà, tún irú ọpọ́n rẹ̀ ṣe, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1932. Ní ọdún 1938, Katharine Blodgett, tí ó ń bá Langmuir ṣiṣẹ́, to irú ìpele bẹ́ẹ̀ 44 sórí dígí, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa kọ mànà lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ti yí padà. Síbẹ̀, irú ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ń fi nánómítà wọ̀n, wà lójú ọ̀pọ̀ awò ojú tí a fi ń kàwé, àti lójú fóònù tí a fi ń ya àwòrán.

Ní ọdún 1932, nígbà tí Agnes pé ẹni 70 ọdún, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Brunswick fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1935. Adùn ni í gbẹ̀yìn ewúro. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ pé ó mọ̀wé kọ, tí ó sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, ta ni ì bá mọ ohun tí ó rí nínú ilé ìdáná rẹ̀?