Èṣùgbàyí Elékòó, ọba tó pe ìjọba lẹ́jọ́

Àwa tá à ń gbé ìlú onílùú mọ bó ṣe ń rí kí ẹnìkan pàṣẹ pé ká kó ẹrù wa. Ohun tójú Ọba Èṣùgbàyí Elékòó rí nìyẹn, ní Èkó tí í ṣe ìlú bàbá rẹ̀ gan-an.

Ọmọ Ọba Dòsùmú ni. Ọdún 1901 ló gorí oyè. Lọ́dún 1925, ìjọba òyìnbó ní àwọn ti yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n gùn lé sọ pé olóyè tí wọ́n ti rọ̀, tí àṣà ìlú sì ní kó kúrò, nìkan ni gómìnà lè lé. Èṣùgbàyí ní méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀. Kóòtù Nàìjíríà ò gbọ́ tiẹ̀. Herbert Macaulay àtàwọn ará Èkó ò gbà; ẹjọ́ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù.

Gẹ̀ẹ́sì ò ní ìwé òfin kan ṣoṣo tó so ìjọba lọ́wọ́. Òfin ilé aṣòfin, àṣà àti ìdájọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ń so ó. Lọ́dún 1931, Lord Atkin dá a pé aláṣẹ kò lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àyàfi tó bá fi òfin tó fún un láṣẹ han kóòtù. Adájọ́ sì gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀, bó ti wù kó bí ìjọba nínú.

Wọ́n dá ẹjọ́ padà sílé. Kó tó parí, gómìnà tuntun, Donald Cameron, yanjú ẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí, ọba sì padà s'Ékòó. Ọdún 1932 ló wàjà.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ló fi ṣe àlejò l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ̀yin ará wa, bí aláṣẹ kan bá ní kẹ́ ẹ kó ẹrù, ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin tó gùn lé.